Ìdè Ọwọ́ Ọmọ Mi Lórí Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì

Olóòtú ìwé wa yìí ló ní kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu nínú wọn. Ẹnì kan ní mo fi ìsọ̀yè rán ọmọ mi lọ síbi ìdíje. Ẹnì kan ní ọmọ náà kàn fọwọ́ pa ìdè rẹ̀ ni, ojú ọmọ tí wọ́n jọ ń ta á sì ṣókùnkùn. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gan-an, ní ṣe ni wọ́n lé wa jáde. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, títí kan ibi tí kò bu iyì kún mi.

Obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa mọ̀ pé kì í ṣe òní la ti ń fi obì jẹun. Gbànja tí wọ́n ń kó láti oko Rẹ́mọ lọ sí Òkè Ọya ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ̀ ń rí yìí. Gbànja ni mò ń tà, abàtà ni mo fi ń bọ. Àwọn oníbàárà mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ohun tí mò ń tà kọ́ ni mo fi ń bọ Orí mi. Mo máa ń ní ẹ jọ̀ọ́, obì aláwẹ́ méjì ò ṣe é dà bíi ti aláwẹ́ mẹ́rin, ẹ jẹ́ á tajà.

Àbíkẹ́yìn mi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ ọdún méjìlá ni, obìnrin. Ó gba ọwọ́ Ifá kan nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, àtìgbà náà ni ìdè rẹ̀, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, ti wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ń wẹ̀, ó fi ń sùn, ó fi ń lọ sílé ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bọ́ ọ nítorí ìtìjú láéláé. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí ẹnu èmi ló ti jáde.

Ayò ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ta. Bàbá mi ló kọ́ ọ kí wọ́n tó pa ipò dà, lórí ọpọ́n kan tó ti dán bíi jígí: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ 48. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń mọ iye ọmọ ayò tó wà nínú ihò òdìkejì láìfọwọ́ kàn án. Bàbá mi á ní, "Ojú ni ọmọ yìí fi ń kà." Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò wọn wá gbé ṣẹ́ẹ̀sì dé, tó ní kí àwọn tó bá fẹ́ dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ilé ìwé, òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

Èmi ò fẹ́ ẹ, kí n má parọ́. Mo ní eré òyìnbó ni. Ọba, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọmọ náà ló dá mi lóhùn. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé Íńdíà ni eré náà ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, pé àwọn ará Páṣíà gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ ará Páṣíà, kó tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó rárá. Ó ní èyí tí wọ́n ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù yìí, erin ni wọ́n pè é ní Íńdíà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Erin tó di bíṣọ́ọ̀bù! Mo ní ó dáa, máa lọ, ṣùgbọ́n tó o bá délé, erin ni kó o máa pè é.

Àwa onísẹ̀ṣe náà sì máa ń sáré jù nígbà mìíràn. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé ojú ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì jẹ́ 64, ó fò sókè, ó ní ojú Odù 16 lọ́nà mẹ́rin nìyẹn, a jẹ́ pé inú Ifá ni wọ́n ti jí i. Mo ní ẹ rọra o. Lóòótọ́ ni 64 jẹ́ 16 lọ́nà mẹ́rin, 256 sì jẹ́ 64 lọ́nà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Ifá ò nílò ká kó ẹrù ẹlẹ́rù kún tirẹ̀ kó tó tóbi.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà tán pátápátá ni ti ọmọ Ìkòròdú nì, Tunde Onakoya. Fún àwa ará Rẹ́mọ, Ìkòròdú kì í ṣe ilé àjèjì. Ìtàn táwọn àgbà sọ fún wa ni pé ọmọ Akárìgbò kan, láti Ọ̀fin níbí, ló lọ tẹ ibẹ̀ dó. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni Onakoya ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní kékeré, nígbà tí kò sí owó ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ lọ ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan kí ọmọ lè ráyè kàwé níbẹ̀. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ní Majidun, ní Makoko, títí dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní April 2024 ó jókòó sí Times Square ní New York, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí. Ní April 2025 ó tún padà lọ, ó ta á fún 64. Ẹni tó jókòó kọjú sí i lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Shawn Martinez, ará Amẹ́ríkà.

Martinez yìí kan náà ló wà lára àwọn tó kọ́ ọmọ wa mìíràn, Tanitoluwa Adewumi, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá kúrò ní Nàìjíríà nítorí Boko Haram. Ilé àwọn tí kò nílé lórí ni wọ́n wà ní New York ní March 2019, nígbà tí ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ New York. Ẹnikẹ́ni ò borí rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tó ti mọ eré náà. Onígbàgbọ́ ni ìdílé rẹ̀, mi ò sì gbọ́ pé ẹnì kankan ní oògùn ni wọ́n lò.

Ó yá, ẹ jẹ́ á dé Ṣàgámù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ìdíje àwọn ọ̀dọ́ náà, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní ìlú wa. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí àwọn tó nibẹ̀ ò ṣẹ̀ wá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo bọrí fún ọmọ mi: omi tútù, obì abàtà kan. Obì yàn. Mo fi omi kan iwájú orí rẹ̀, mo ní kí Orí rẹ̀ gbè é. Ó tán. Ní ti ìsọ̀yè, mi ò ní sọ pé a ò ní in, torí a ní in. Ṣùgbọ́n ìsọ̀yè ń ran ẹni tó ti kọ́ nǹkan lọ́wọ́ kó má gbàgbé ni. Kò lè bá ọ rántí ohun tí o kò kọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko lọmọ yìí fi ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó ń to ọpọ́n, tó ń tú u, tó tún ń tò ó. Bí iná bá lọ, á tan tọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń ra bátìrì.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọmọ kọ̀ọ̀kan máa ta. Ìṣẹ́jú 15 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo eré náà, kò sí ẹ̀ní. Èyí ni wọ́n ń pè ní rapid: àsìkò ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kò sì gbọdọ̀ tó 60. Aago olójú méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Tó o bá ta tán, ọwọ́ tó o fi ta náà lo máa fi tẹ aago, tìrẹ á dúró, ti ẹnì kejì á máa sá lọ. Tó o bá fọwọ́ kan ọmọ ọpọ́n kan láti ta á, òun lo máa gbé, kò sí pé mo ṣì í. Ẹni tí àsìkò rẹ̀ bá tán ti pàdánù, bó ti wù kó lágbára tó lórí ọpọ́n, àyàfi níbì kan tí mà á sọ tó bá yá. Ẹni tó borí gba máàkì kan, ọ̀mì ní ìdajì-ìdajì.

Nígbà tí mo wọlé, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo kí wọn bí a ṣe ń kí àwọn tó ń tayò: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!" Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Rẹfirí kan fi ìka lé ètè. Ọmọ mi fi ìwé bojú.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn òbí yòókù. Ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ mi borí mẹ́rin, ó pàdánù ọ̀kan. Ẹni tó kàn án ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì pàdánù rárá, máàkì mẹ́rin àbọ̀ ló ní. Wọ́n jókòó. Ìgbà náà ni ìyá ọmọkùnrin náà, tó ti kí mi dáadáa láàárọ̀, dìde lọ bá rẹfirí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ọmọ yìí bọ́ nǹkan ọwọ́ ẹ̀. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí wa. Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ṣe rèé. Mo dìde, mo lọ síbi tábìlì náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ mi létí, mo ní, "Màmá mi, bọ́ ọ fún mi. Ìṣẹ́jú 30 péré ni, mà á fi sápò." Èmi tí mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù láyè láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kà á sétí àwọn ènìyàn rí nípàdé, mo tiẹ̀ ti fi pariwo rí. Ìgbà tó kan èmi fúnra mi, n ò rántí nǹkan kan bí kò ṣe pé kí wọ́n má wò wá mọ́.

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Bàámi, ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin lẹ ní n ò gbọdọ̀ bọ́ ọ nítorí ìtìjú."

Mo ní kì í ṣe ìtìjú, àlàáfíà ni mò ń wá.

Kò sọ nǹkan kan. Kò sì bọ́ ọ.

Rẹfirí náà, ọ̀dọ́kùnrin tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ní kó na ọwọ́. Kò fọwọ́ kàn án, ó kàn tẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Kò ní bátìrì, kò lè pe ẹnikẹ́ni." Ó ní fóònù àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lè bá èèyàn ronú ni òfin àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, kọ̀.

Obìnrin náà ní, "Kì í ṣe fóònù ni mò ń sọ."

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó bọ́ tọwọ́, tiyín náà á bọ́ tọrùn."

Àgbélébùú fàdákà kékeré kan wà lọ́rùn ọmọkùnrin náà. Kí a tó wò ó, ó ti di í mú pinpin. Ìyá rẹ̀ padà lọ jókòó. Èmi náà padà, ẹsẹ̀ mi wúwo. Mo ti bẹ ọmọ mi láti ọjọ́ náà, ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń sọ pé mo gbèjà ìdè níbẹ̀ jọ̀ọ́ má sọ ọ́ mọ́. Ọmọ ló gbèjà rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló mú funfun. Ó sún ọmọ-ogun tó wà níwájú ọba rẹ̀ síwájú ojú méjì, ọmọ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, n ò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Lójijì ni ẹṣin ọmọkùnrin náà fò lọ sí ibì kan tó ti ń dojú kọ ọba ọmọ mi àti ilé-ìṣọ́ rẹ̀, èyí táwọn ọmọ ń pè ní rook, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé sá. Ilé-ìṣọ́ lọ. Ẹni tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti tán."

Ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Ọmọkùnrin yẹn ń ronú jinlẹ̀, ó ń ronú pẹ́. Ọmọ mi ń fi ojú kà bó ṣe ń ka ayò. Nígbà tí ti ọmọkùnrin náà ku ìṣẹ́jú méjì, tirẹ̀ ku márùn-ún. Ohun tó wá ń ṣe látìgbà náà, ó fi yé mi lẹ́yìn náà: kò jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ọmọ ara wọn bó ti lè ṣeé ṣe, kí ojú ọpọ́n lè lọ́ pọ̀, kí ẹnì kejì lè máa ronú. Ó ní tí ọpọ́n bá ti mọ́ ju, ẹni tó lágbára á kàn rìn lọ ni.

Síbẹ̀ ọmọkùnrin náà lágbára. Ó rọra ń tú u díẹ̀díẹ̀, títí tí ọ̀kan nínú ọmọ-ogun rẹ̀ fi dé ìpẹ̀kun ọpọ́n, tó di ayaba. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ mi ni ọba àti ọmọ-ogun kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù fún ọmọ-ogun yẹn náà kó dé ìpẹ̀kun tirẹ̀. Aago ọmọkùnrin náà ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Márùn-ún. Mẹ́rin. Ó fi ayaba jẹ ọmọ-ogun náà, ó lu aago. Ọmọ mi gbé ọba rẹ̀ kúrò, ó tẹ tirẹ̀. Ọmọkùnrin náà tún nawọ́ sí ayaba, àsìkò rẹ̀ sì tán.

Ọmọ mi pe rẹfirí, ó nawọ́ sí aago. Rẹfirí wo aago, ó wo ọpọ́n, ó ní, "Ọ̀mì."

Ibi tí mo ní mà á sọ nìyí. Tí àsìkò ẹnì kan bá tán, tí kò sì sí ọ̀nà kankan tí ẹnì kejì lè gbà fi ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mú ọba, ọ̀mì ni. Ọba nìkan kò lè mú ọba. Ká ní ọmọ-ogun kan yẹn ṣì wà, ó lè di ayaba, ọmọ mi ni ì bá borí.

Ìyá ọmọkùnrin náà ti dìde. "Ọ̀mì báwo? Ayaba wà lọ́wọ́ ọmọ mi, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ tiẹ̀!" Ojú rẹ̀ tún lọ síbi ìdè. Mo ti ń múra ẹnu mi sílẹ̀ nígbà yìí, kí n lè san gbèsè ti àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin náà ló ṣáájú mi.

"Mọ́mì, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́. Mo rí i pé n ò lè pa á láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí mi ò bá jẹ pọ́ọ̀nù yẹn, mo pàdánù."

Mo wo ọmọ náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó sì rí ìyẹn! Ọmọ mi ń mi orí. Ó ní, "Mo rò pé ó máa fi ayaba lé ọba mi kiri ni, kí aago tán mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹran jábọ́ lójú ọ̀nà.

Ọmọkùnrin náà gba ipò kìíní, ọmọ mi ṣe ìkẹta. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí àti ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì oníke kan.

Bí mo ṣe ń jáde, bàbá arúgbó kan wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, fìlà ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lórí, ọ̀pá láàárín orúnkún. Mo ti rí i láàárọ̀ tó ń gbé omi fún ọmọkùnrin náà. Bàbá ìyá rẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ kọjá. Ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn."

Mo dúró.

"Ó ti wà lẹ́nu mi láti àárọ̀ tẹ́ ẹ ti kí wa," ó ní. "Wọ́n ní ká dákẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ta wá ni ọ̀ta nínú àwọn méjèèjì?"

Ó fi ọ̀pá nà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ti tú ọpọ́n oníke náà sílẹ̀, wọ́n ń tò ó, kò sí aago. Mo ń gbọ́ bí ìdè ṣe ń kan etí ọpọ́n. Ìyá ọmọkùnrin náà jáde láti wá pè é, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó dúró lórí wọn fún ìgbà díẹ̀, kò wojú mi.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún o," ó ní fún ọmọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò.